Iṣẹ́ Ti Parí, Owó Ńkọ́?

Bí agogo kan òru bá ti lù ní Èkó mọ́jú ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kan ti parí nìyẹn lórí Upwork, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba. Fún àwọn tó ń gbowó ní wákàtí-wákàtí, ètò náà ti ka iye wákàtí tí oníkálukú fi ṣiṣẹ́, yóò sì kọ owó rẹ̀ sí oníbàárà lọ́rùn. Kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún àríyànjiyàn: ẹ̀ẹ̀mẹfà láàrin wákàtí kan ló ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹni tó fẹ́ sanwó lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń sanwó fún.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn agbaṣẹ́ṣe wa ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń bá ṣọ́ iṣẹ́? Ẹni tó ń ya àwòrán ìpolówó fún ṣọ́ọ̀bù kan n'Íkẹjà, ògbufọ̀ tó ń jókòó sílé ní Ìbàdàn, oníṣirò owó tó ń bá ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ṣe ìwé wọn lóṣooṣù, kò sí ọ̀gá tó ń san owó oṣù fún wọn. Àwọn fúnra wọn ni akọ̀wé, àwọn náà ni akápò. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ gan-an sì ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, kó tó di pé oníbàárà kankan jẹ wọ́n ní gbèsè.

Àwọn bàbá wa tó ń gba àgbàṣe lóko mọ èyí dáadáa. Ebè ni wọ́n ń kà, ní igba-igba, lójú olóko. Ebè tiẹ̀ sàn, torí yóò ṣì wà nílẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. Wákàtí kì í dúró de ẹni tó fẹ́ kà á. Ìdí nìyí tí ìwé wákàtí fi gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́, ìbáà jẹ́ nínú ìwé kékeré tàbí lórí fóònù. Ẹni tó bá dúró di ìparí oṣù kó tó jókòó ronú ohun tó ṣe lọ́jọ́ kẹta oṣù, yóò gbàgbé ìpè fóònù ogójì ìṣẹ́jú, yóò gbàgbé àtúnṣe tí wọ́n ní kó ṣe lálẹ́, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló sì ṣe yẹn.

Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀? Ọjọ́, ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó parí, orúkọ oníbàárà, àti ohun tí a ṣe ní pàtó. “Mo ṣiṣẹ́ lórí ìwé ìpolówó” kò tó. “9:00 sí 11:30, àtúnṣe ojú ìwé kejì, bí ọ̀gá ṣe ní ká ṣe é lórí fóònù lánàá” ni ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé òun ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ìṣirò kan tún wà tó ń jẹ ènìyàn lówó láìmọ̀. Wákàtí méjì àti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kì í ṣe 2.30 tí a bá fẹ́ fi owó sọ ọ́ di púpọ̀, 2.5 ni. Bí wákàtí kan bá jẹ́ 10,000 náírà, 25,000 ló yẹ kí agbaṣẹ́ṣe gbà. Ẹni tó bá tẹ 2.30 sórí ẹ̀rọ ìṣirò yóò rí 23,000, yóò sì pàdánù 2,000 náírà láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú 15 jẹ́ 0.25, ìṣẹ́jú 45 jẹ́ 0.75.

Inú ìwé wákàtí yìí ni ínfọ́ísì, ìwé tí a fi ń béèrè owó iṣẹ́, ti ń jáde. Akọ̀wé owó tó máa sanwó ní ilé-iṣẹ́ ńlá lè má mọ agbaṣẹ́ṣe rí láyé rẹ̀. Ìwé yẹn nìkan ló rí. Nítorí náà, kí ínfọ́ísì ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kò jọ ti òmíràn, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un, ọjọ́ tí a kọ ọ́, àlàyé iṣẹ́, iye wákàtí, iye owó wákàtí kan, àpapọ̀, ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé, àti nọ́ńbà àkáǹtì. Bí ọ̀kan bá kù, wọ́n á dá a padà, oṣù kan á sì tún kọjá lọ. Iṣẹ́ tó bá gùn, kí a má dúró dé òpin rẹ̀ ká tó béèrè owó. Ká gba àsansílẹ̀, ká máa fi ínfọ́ísì ránṣẹ́ lóṣooṣù.

Ohun tó le jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni ìtìjú. Ẹ̀gbọ́n àdúgbò tàbí ará ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé iṣẹ́ wá. Báwo la ṣe fẹ́ máa pè é nítorí owó? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: kò sí ìwà àìlójútì kankan nínú “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ínfọ́ísì 014 tí ọjọ́ rẹ̀ pé lánàá ni mo ní kí n rán yín létí.”

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn agbaṣẹ́ṣe. Ní Ìlú Ọba, òfin ọdún 1998 fún un láṣẹ láti gba èlé ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lórí iye èlé Bank of England bí ilé-iṣẹ́ bá pẹ́ sanwó, pẹ̀lú owó ìtanràn £40, £70 tàbí £100, bí gbèsè bá ṣe tó. Ní ìlú New York, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2017, iṣẹ́ tó bá tó 800 dọ́là gbọ́dọ̀ ní ìwé àdéhùn, kí owó sì wọlé láàrin 30 ọjọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ bí àdéhùn kò bá dárúkọ ọjọ́ mìíràn.

Èkó náà kò gbẹ́yìn. Lọ́dún 2018 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá kóòtù gbèsè kéékèèké sílẹ̀ lábẹ́ kóòtù májísíréètì, fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, pẹ̀lú èròńgbà pé kí ẹjọ́ parí láàrin 60 ọjọ́. Gbèsè tí iye rẹ̀ dájú nìkan ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lẹ́tà béèrè owó náà. Ẹni tó ní ìwé wákàtí àti ínfọ́ísì ti ní iye tó dájú lọ́wọ́. Ẹni tó fẹnu lásán ṣe àdéhùn yóò wá máa wá ẹlẹ́rìí kiri.

Bí o bá ti parí iṣẹ́ kan lóṣù yìí tí o kò tíì kọ owó rẹ̀ ránṣẹ́, jọ̀wọ́, kọ ọ́ lónìí, kí o sì fi ọjọ́ ìsanwó sí i.