Kọ̀ǹpútà Tí Àwọn Tó Ṣe É Ti Kọ̀ Sílẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ti ewì, kì í sì í ṣe ti gírámà, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí iṣẹ́ wa.

Mo lọ gba ohùn àwọn ìyá amọ̀kòkò sílẹ̀ ní Ìpetumodù fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi. Ohùn wákàtí mẹ́ta ni. Orí fúláàṣì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, ẹ̀bi mi sì nìyẹn. Mo mú fúláàṣì náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan nínú ìlú kí wọ́n bá mi tẹ ojú ìwé díẹ̀. Windows 7 ló wà lórí kọ̀ǹpútà wọn. Ètò tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì lórí rẹ̀ ti pẹ́ tí kò ti gba àtúnṣe. Nígbà tí mo délé, gbogbo fáìlì mi ti di àmì kékeré kan.

Mo padà lọ bá ẹ̀gbọ́n tó ni ibẹ̀. Wọ́n ní, "Àbúrò, ẹ̀rọ yìí kò dá iṣẹ́ mi dúró rí láti ọjọ́ tí mo ti rà á." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀rọ lè máa ṣiṣẹ́ dáadáa kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Kò sí ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tí ògiri rẹ̀ kò ní ihò. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá ṣì ń tọ́jú rẹ̀, wọn a máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti dí ihò tí wọ́n bá rí. Ọjọ́ tí ìtọ́jú bá parí, ẹ̀rọ kò ní kú. Àtúnṣe ni kò ní dé mọ́. Ti Windows XP parí ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014, ti Windows 7 ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, ti Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Microsoft fi ọdún kan lé ti Windows 10 fún aládàáni tó bá forúkọ sílẹ̀.

Ibi tó le jù nìyí. Apá púpọ̀ lára ilé tuntun àti ilé àtijọ́ jọra. Bí bíríkìlà bá dí ihò kan lára tuntun, olè tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ibi tí ihò wà lára ti àtijọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní dí mọ́.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft fi irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún náà, fáírọ́ọ̀sì WannaCry gba ihò yẹn wọlé ní orílẹ̀-èdè tó tó 150, ó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán 80 nínú àjọ ilé ìwòsàn ìjọba 236 ló kàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹ̀bi ru Windows XP, ṣùgbọ́n Windows 7 ló pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ tó kó o, ìtọ́jú rẹ̀ kò sì tíì parí nígbà náà. Àtúnṣe ti dé. Àwọn tó ni ẹ̀rọ ni kò gbà á. Nítorí náà, ẹni tó ní ẹ̀rọ tuntun tó ń sá fún àtúnṣe nítorí owó dátà, ọmọ ìyá ni òun àti ẹ̀gbọ́n onílé ìtẹ̀wé.

Àwọn kan yóò ní kí a ra tuntun. Ta ni yóò sanwó? Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, Windows 11 sì ń béèrè ẹ̀yà ààbò kan, TPM 2.0, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní.

Ní tèmi, ẹ jẹ́ kí a pín iṣẹ́ fún ẹ̀rọ. Èyí tó kàn ń tẹ̀wé kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ báǹkì àti ìforúkọsílẹ̀, orí ẹ̀rọ tó ṣì ń gba àtúnṣe ni kí ó wà. Ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó, nítorí fúláàṣì kan lè dé ilé ìtẹ̀wé márùn-ún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀dà ohun tí ẹ fẹ́ tẹ̀ nìkan ni kí ẹ gbé jáde. Kí ojúlówó má kúrò nílé.

Ẹ̀rọ àtijọ́ tí a kò lè ṣe kí ó má dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a fi Linux sí i. Ọ̀fẹ́ ni Linux Mint. Ẹ̀rọ tí agbára ìrántí rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 4 lè gbé e, ẹ̀dà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń gba àtúnṣe fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. LibreOffice wà nínú rẹ̀ fún ìwé kíkọ. Ètò bọ́tìnì Yorùbá náà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tó ti bá àmì ohùn jìjàkadì yóò mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ lè kọ́kọ́ dán an wò láti orí fúláàṣì, kí ẹ rí i bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín yóò gbọ́ tirẹ̀. Kí ẹ tó gbé e wọlé, ẹ kó iṣẹ́ yín kúrò, nítorí ó lè pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́.

Ní ti fúláàṣì mi, ẹ̀gbọ́n ti ní kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí n tún un bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní yàrá kejì fi í sí ẹ̀rọ rẹ̀ tó ní Linux, a sì rí gbogbo fáìlì náà: fáírọ́ọ̀sì kàn fi wọ́n pamọ́ ni, ó sì fi àmì ẹ̀tàn rọ́pò wọn. Bí irú rẹ̀ bá bá yín, ẹ má tẹ àmì yẹn. Mo kó ohùn àwọn ìyá náà kúrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀dà kan wà ní Ifẹ̀ báyìí, ọ̀kan wà nílé wa.