Pọ́lọ́ọ̀gì Amẹ́ríkà létí ọ̀sà Badore

Téèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ bíríìjì Ajah, tó wọ ọ̀nà Ado gba Langbasa, tó sì ń lọ títí ọ̀nà fi tán, ọ̀sà ni yóò bá níwájú. Badore nìyẹn. Ibẹ̀ ni èrò ti ń wọkọ̀ sọdá sí Ìjẹ̀dẹ́ ní ìhà Ìkòròdú, níbi tí ilé-iṣẹ́ amúnáwá Egbin wà, èyí tí ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀ lè pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́. Létí ọ̀sà kan náà yìí, nínú ọgbà tí wọ́n ń kó ọkọ̀ ojú omi pamọ́ sí, ni mo ti wo bí wọ́n ṣe wá iná fún ọkọ̀ fáíbà kan. Iná wà lára ògiri nítòsí rẹ̀, àmọ́ kò ṣeé kàn mọ́ ọn.

Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ náà. Ẹni tó ni ín wà lókè òkun, atukọ̀ kan ló ń bá a tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ti fà á kúrò lómi, ó jókòó sórí férémù onítáyà, wọ́n fi tapólì bò ó. Ọkọ̀ tó bá jókòó bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ epo, bátìrì rẹ̀ nìkan ló ń bẹ̀bẹ̀ fún iná. Èyí tó bá kún dáadáa yẹ kó fi 12.6 tàbí 12.7 fólítì hàn lójú mítà. Nígbà tí ọ̀gá oníná tí wọ́n pè wá fi mítà kan orí tọkọ̀ yìí, 11.8 ló kà. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nǹkan funfun yóò dì mọ́ òjé inú rẹ̀, bátìrì náà kò sì ní gba iná mọ́ láéláé.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, lápá ẹ̀yìn, ìdérí irin dídán kan wà. Atukọ̀ yí i ṣí. Irin pẹlẹbẹ mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ kọ́rọ́bọ́tọ́ ló tò yí ká nínú ihò náà, ọ̀kan nínú wọn ní ìkọ́ lẹ́nu. Ẹni tó bá ti orí wáyà bọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ yí i sọ́tùn-ún kó tó gbá mú, kí mímì ọkọ̀ má baà fà á yọ. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gbangba: 30A, 125V. Ọ̀kan nínú irin náà ti dúdú, ike ìdí rẹ̀ sì ti yọ́.

Ọ̀gá oníná fi ìka kàn án. "Ẹni tó lò ó kẹ́yìn kò yí i dé òpin. Ibi tí irin méjì ò bá ti fara kanra dáadáa, ibẹ̀ ni ooru ti ń bẹ̀rẹ̀."

Lára ògiri ilé mẹ́gáàdì, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa mọ̀ ló wà níbẹ̀: ihò mẹ́ta onígun mẹ́rin, ti 13 ámípì, irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 1947. Rìwáyà mọ́tò kan ti yọjú ṣáájú, ó sì ti gba atukọ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n gé orí wáyà aláwọ̀ yẹ́lò tó bá ọkọ̀ dé, kí wọ́n de pọ́lọ́ọ̀gì ilé mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ṣé kò ní ṣiṣẹ́ ni?"

"Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lo máa fi jóná, àbúrò mi. 120 fólítì ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. 230 ni tiwa."

Ó ṣírò rẹ̀ fún wa lórí páálí sìgá kan tó wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbómigbóná tí wọ́n ṣe fún 1,500 wáàtì ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá ki iná tiwa bọ̀ ọ́, yóò fẹ́ fa nǹkan bí 5,500. Agbára rẹ̀ kò ní di méjì péré, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di mẹ́rin. Mo rò pé ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí, láti Ikate títí dé Epe: wọ́n rò pé orí pọ́lọ́ọ̀gì ni ìṣòro. Àwọn tó ṣe é ní ìrísí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí iná tí kò yẹ má baà ráàyè wọlé. Ẹni tó bá gé orí wáyà ti já ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì fún ààbò rẹ̀. Adápítọ̀ arìnrìn-àjò tí wọ́n ń tà lójú títì náà kò yàtọ̀. Ìrísí nìkan ló ń yí padà, fólítì tó wọlé ló ń jáde.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wáyà ló dẹ́rù bà mí jù. Nígbà tí ọ̀gá oníná ṣí bọ́ọ̀dù inú ọkọ̀, wáyà dúdú, funfun àti àwọ̀ ewé ló jáde síta. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ l'Ékòó, pupa ló ń gbé iná wá, dúdú ló ń gbé e padà. Nínú àwọn ilé tuntun, bíráùn àti búlúù ni. Ṣùgbọ́n dúdú ti Amẹ́ríkà ni iná wà lára rẹ̀, funfun ló ń gbé e padà. Èyí tó tún wá burú ni pé nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n máa ń fi dúdú kan náà ṣe wáyà nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Lóòótọ́, àwọn tó ń ṣe ìlànà ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà ti ń gba àwọn èèyàn níyànjú láti fi yẹ́lò rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí ti pẹ́ díẹ̀, dúdú ṣì ni tirẹ̀. Nínú àpótí tí kò tóbi ju páálí bàtà lọ, wáyà dúdú kan lè ṣeé dì mú lọ́wọ́, kí èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì pa èèyàn. Ọ̀gá oníná kò fọwọ́ kan ìkankan láìfi mítà dán an wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì sí iná rárá.

Atukọ̀ bi í nípa tiransífọ́mà tí wọ́n ń tà l'Álàbà, tó ń sọ 230 di 110. Ó ní ó ṣeé lò bó bá gba ẹrù tó yẹ, ṣùgbọ́n 50 hertz ni iná Nàìjíríà, 60 ni ti Amẹ́ríkà, tiransífọ́mà kò sì lè yí ìyẹn padà. Ẹ̀rọ atútù ọkọ̀ náà yóò máa fi ìdá kan nínú mẹ́fà falẹ̀, yóò sì máa gbóná. Ó tún kìlọ̀ nípa àpótí yẹ́lò tí wọ́n ń kó wá láti ibi ìkọ́lé ní Ìlú Ọba. Òun náà ń gbé 110 jáde, àmọ́ ó pín in sí 55 lápá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà iná wà lára wáyà méjèèjì, ti funfun tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbà pé kò léwu pẹ̀lú.

Ohun tó ṣe níkẹyìn rọrùn ju gbogbo ìyẹn lọ. Ó wọ inú ọkọ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì tan ara ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, ó sì ní kí n bá òun ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: 100–240V, 50/60Hz. Ẹ̀rọ yẹn nìkan nínú gbogbo ohun tó ń lo iná ìlú nínú ọkọ̀ ló lè gba iná tiwa. Ó tú wáyà rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lórí bọ́ọ̀dù pátápátá, ó sì fún un ní wáyà tirẹ̀, onírọ́bà tó nípọn: dúdú mọ́ bíráùn, funfun mọ́ búlúù, àwọ̀ ewé mọ́ ti ilẹ̀. Ó yọ fíùsì 13 inú pọ́lọ́ọ̀gì, ó fi 3 síbẹ̀, torí ẹ̀rọ náà kò lè fa ju ámípì kan àti díẹ̀ lọ.

Ó kù díẹ̀ kó tì í bọ ògiri ló tún dúró. Láàárín ihò méjì ìsàlẹ̀, mítà ka 231. Láàárín èyí tó gbé iná àti ihò òkè, kò dúró sójú kan. Ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà: kò sí wáyà kankan lẹ́yìn ihò òkè. Bí iná bá bọ́ sára irin ọkọ̀, kò sí ibi tí yóò gbà wọlẹ̀ àfi ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Ó rán atukọ̀ lọ ra ọ̀pá bàbà, wọ́n gbá a wọlẹ̀. Yanrìn òkè ilẹ̀ Lekki gbẹ, kì í gbé iná dáadáa, ṣùgbọ́n omi kò jìnnà nísàlẹ̀, ọ̀pá náà sì dé ibi tútù. Lẹ́yìn náà ló fi bíréékà 30 mílíámípì sí i, irú èyí tó ń já nígbà tí iná bá ń jò. Ó ní kí wọ́n yọ wáyà ọkọ̀ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ kékeré ẹnu géètì, nítorí irú jẹnẹrétọ̀ bẹ́ẹ̀ kò so mọ́ ilẹ̀, bíréékà náà sì lè má já nígbà tó yẹ.

Mo bi í léèrè bóyá wọ́n lè lo wáyà yìí bí ọkọ̀ bá padà sómi. Ó mi orí. Iná tó bá ń jò láti inú ọkọ̀ tó wà lójú omi á tàn kálẹ̀ nínú omi. Omi iyọ̀ ń gbé iná ju ara èèyàn lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ rẹ̀ á yà kúrò lára ẹni tó ń wẹ̀. Nínú omi tí kò níyọ̀, ara ẹni náà ni yóò gbà kọjá. Iṣan rẹ̀ á dì, kò ní lè wẹ̀ mọ́, àwọn tó wà lórí jẹ́tì á sì rò pé kò mọ̀wẹ̀ ni. Ọ̀sà Èkó kì í rí bákan náà jálẹ̀ ọdún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun ń wọ̀ ọ́, ó níyọ̀. Tí òjò bá ti dé, tí odò Ògùn àti àwọn yòókù tú omi wọn sínú rẹ̀, iyọ̀ á lọ. Ọ̀sà Lekki tó wà lápá Epe kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù. Jẹ́tì táwọn ọmọdé ti ń fò sómi láìséwu ní oṣù kejì lè di ibi ikú ní oṣù keje, nítorí wáyà kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó wà lára pátákó gbogbo jẹ́tì tó wà ní etí omi yìí.

Wọ́n so ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ná, kí wọ́n tó ki ti ògiri bọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́, ti ògiri ni yóò ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà máa gbé orí wáyà tí iná wà nínú rẹ̀ kiri. Ó jẹ́ kí wáyà náà rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ inú ọkọ̀, kí òjò lè máa kán sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ìwé funfun lẹ ihò àtijọ́: 120 NÌKAN, KÌ Í ṢE TI NẸ́PÀ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ atútù ńkọ́? Ọ̀gá máa bèèrè."

"Sọ fún un kó ra ti 230. Tó bá ti dé, màá gbẹ́ ihò mìíràn sí apá kejì, aláwọ̀ búlúù, onípínnì mẹ́ta, ti 16 ámípì. Búlúù ni wọ́n fi ń mọ irú iná tiwa káàkiri Yúróòpù. Yẹ́lò ni ti 110. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn wa, kódà bí kò bá lè kàwé, á mọ èyí tó máa lò."