Alùpùpù Àlòkù: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Yẹ̀ Wò Kí A Tó Náwó



Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi ra alùpùpù tí ẹlòmíràn ti lò. Òun ni a fi ń gbé ẹrù bọ̀ láti oko, òun náà ni a fi ń ná ọjà. Bí ó bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, owó kò ní wọlé, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a óò san gbèsè ẹgbẹ́ kò ní yẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí olúkúlùkù wa mọ bí a ti ń wá ìdí àìsàn ẹ̀rọ yìí, kí a má baà máa ra ohun tí kò bàjẹ́.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Alùpùpù tí mo kọ́kọ́ rà a máa rìn tó máìlì mẹ́ta, a sì kú lójijì. Bí mo bá jókòó sábẹ́ igi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a tún jí. Mẹkáníìkì kan sọ pé píṣítìnì ti jẹ. Mo ra píṣítìnì àti rìǹgì tuntun pẹ̀lú owó tí mo fi pamọ́ fún sísan gbèsè oṣù méjì. Àìsàn náà kò lọ. Nígbà tí ó yá, bàbá kan tí ó ti gun alùpùpù pẹ́ sọ fún mi pé bí ó bá tún kú, kí n ṣí ìdérí táǹkì. Mo ṣí i, mo gbọ́ tí afẹ́fẹ́ dún “fììì” wọlé, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó jí. Eruku ni ó dí ihò kékeré tí ó wà lára ìdérí náà. Bí epo ti ń jáde tí afẹ́fẹ́ kò rọ́nà wọlé dípò rẹ̀, epo kò lè ṣàn wálẹ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni ó wò ó sàn. Ohun tí mo ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà.

OHUN MẸ́TA TÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ Ń BÉÈRÈ

Ẹ́ńjìnnì kò béèrè ju ohun mẹ́ta lọ: epo tí ó pò mọ́ afẹ́fẹ́ bí ó ti yẹ, iná tí yóò ràn án lákòókò, àti píṣítìnì tí ó lè fún un pọ̀ dáadáa. Bí ọ̀kan bá ṣaláìsí, kò ní jí. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí kò ní ìnáwó.

1. Epo. Ẹ ṣí táǹkì wò ní ojúmọmọ. Ẹ má ṣe fi ìṣáná tàbí àtùpà wò ó láé. Ẹ yọ rọ́bà epo kúrò lára kábúrétọ̀, kí ẹ fi agolo gbà á, kí ẹ sì ṣí epo. Ó yẹ kí ó ṣàn láìdúró. Bí ó bá ń kán tó, tó, ẹ yẹ ihò ìdérí wò, lẹ́yìn náà ẹ fọ asẹ́ tí ó wà nísàlẹ̀ táǹkì, nítorí ìpẹtà a máa dí i. Bí ó bá ń ṣàn dáadáa, ẹ tú ìdí kábúrétọ̀ kí ẹ fọ̀ ọ́. Páǹpù ni kí ẹ fi fẹ́ ihò tí epo ń gbà. Ẹ má fi wáyà gún un. Bí ihò náà bá fẹ̀ sí i, alùpùpù yóò máa mu epo bí ẹni mumi.

2. Iná. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ojú rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀. Bí ó bá gbẹ táútáú, epo kò dé ibẹ̀. Bí ó bá tutù fún epo, epo ń dé, iná ni kí ẹ wá. Bí ó bá dúdú bí èédú, asẹ́ afẹ́fẹ́ ti dọ̀tí. Bí ó bá ń yọ̀ fún ọ́ìlì, ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ rìǹgì kọjá. Ẹ nu epo tí ó dà sílẹ̀, ẹ fi púlọ́ọ̀gì sínú fìlà rẹ̀, ẹ fi irin rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì níbi tí ó jìnnà sí ihò rẹ̀, kí ẹnìkan tẹ alùpùpù. Iná aláwọ̀ búlúù tí ó ń ta pá ni ó dára. Bí ó bá pọ́n tí kò lágbára, ẹ kọ́kọ́ dán púlọ́ọ̀gì tuntun wò.

Lára Honda CG125, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1976, àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì jẹ́ mìlímítà 0.6 sí 0.7. Àwọn ti ìṣáájú ní kọ́ńtáàtì, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.3 sí 0.4 nígbà tí ó bá là tán. Bí ojú kọ́ńtáàtì bá ń jóná ní gbogbo ìgbà, kọ̀ǹdẹ́ǹsà ni kí ẹ fura sí.

Bí alùpùpù bá ń kú nígbà tí ó bá gbóná, tí ṣíṣí ìdérí kò ràn án lọ́wọ́, ẹ dán iná wò lójú ẹsẹ̀ kí ó tó tutù. Bí iná kò bá sí nígbà náà, tí ó sì padà dé nígbà tí ó tutù, kọ́ílì tàbí kọ̀ǹdẹ́ǹsà ni.

3. Bátìrì àti wáyà. Bí gílóòbù àti họ́ọ̀nù bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wo fíúsì. Ẹ má fi wáyà tàbí bébà sìgá rọ́pò rẹ̀. Fíúsì ni ó ń jóná kí gbogbo wáyà má baà jóná. Ẹ fọ ẹnu bátìrì tí ó bá hu nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé, kí ẹ sì fún wáyà tí ó so mọ́ ara irin le. Bí omi inú bátìrì bá lọ sílẹ̀, omi bátìrì lásán ni kí ẹ fi kún un, kì í ṣe ásíìdì. Kí ẹ tó ra gílóòbù, ẹ mọ̀ bóyá fóòtì 6 tàbí 12 ni alùpùpù yín: gílóòbù 6 yóò jó lójú ẹsẹ̀ lára 12.

4. Píṣítìnì. Ìgbà tí epo àti iná bá pé ni kí ẹ tó dé ibí. Ẹ pa síwíìsì, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀, kí ẹnìkan tẹ alùpùpù. Bí afẹ́fẹ́ kò bá lè tì yín lọ́wọ́, rìǹgì, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Owó ńlá ni èyí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ bí mo ti ṣe.

KÍ Ẹ TÓ LỌ SỌ́DỌ̀ MẸKÁNÍÌKÌ

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀: ìgbà tí ó ń kú, bí ojú púlọ́ọ̀gì ti rí, bóyá iná wà. Ẹ ní kí ó fi hàn yín pé ohun tí ó fẹ́ yọ ti bàjẹ́ ní tòótọ́, kí ẹ sì gba ògbólógbòó náà lọ sílé. Mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ kò ní bínú sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ ti mú rọrùn fún un.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé owó tí a fi ra alùpùpù yìí, owó gbogbo wa ni. Ẹni tí ó bá tọ́jú ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń tọ́jú àpò ẹgbẹ́, kí ó lè kan ẹlòmíràn láti yá.