Ta Ló Ń Wo Agbábọ́ọ̀lù, Kí Ló sì Ń Wò?

Bí wọ́n bá ti ní síkáòtù ń bọ̀ wá wo bọ́ọ̀lù lópin ọ̀sẹ̀, oorun kì í kun ọmọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìkòsì tàbí Kétu. Á wá bàtà tó dáa yá, á fọ jẹ́sì rẹ̀, á bẹ ìyá rẹ̀ pé kó má ṣe rán òun lọ sí ọjà Mile 12 láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí wọn kò mọ̀ rí ni wọ́n ń retí, ẹni tó máa dúró sétí pápá fún bíi wákàtí kan, tó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Iṣẹ́ wo gan-an lonítọ̀hún ń ṣe? Kí ló ń wò? Ta ló ń sanwó fún un? Òbí tó mọ èsì ìbéèrè wọ̀nyí kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ fà lé e lọ́wọ́.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa ládùúgbò yìí. Olúsosùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òjòtá níbí, ni Victor Osimhen dàgbà sí, nítòsí ààtàn ńlá tí gbogbo Èkó mọ̀. Ó ta omi inú ọ̀rá láàárín ọkọ̀ nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá le. Nígbà tí kóòṣì Emmanuel Amuneke ń ṣa àwọn ọmọ tí yóò lọ ìdíje àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ọmọ ọdún 17 lọ, Osimhen wà lára ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọmọ tó lọ fara hàn ní Abuja. Ní Chile lọ́dún 2015, góòlù 10 ló gbá sáwọ̀n, Nàìjíríà na Mali ní 2-0 nínú àṣekágbá, òun ló sì gba bàtà wúrà.

Èèyàn á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Rárá o. Wolfsburg ní Jámánì mú un, kò rí góòlù kan jẹ níbẹ̀. Lọ́dún 2018, ẹgbẹ́ méjì ní Belgium, Zulte Waregem àti Club Brugge, yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní àwọn kò fẹ́. Ibà ti bá a fínra lásìkò yẹn, ara rẹ̀ kò sì tíì bọ̀ sípò. Charleroi ló gbà á, ó sì gbá góòlù 20 wọlé fún wọn ní sáà yẹn. Lille rà á, Napoli rà á, nígbà tó sì di 2023, Napoli gba ife-ẹ̀yẹ líìgì Ítálì fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà 1990, góòlù 26 Osimhen ló pọ̀ jù ní líìgì ọ̀hún. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi í jẹ agbábọ́ọ̀lù tó mókè jù ní Áfíríkà.

Àwọn tó kọ̀ ọ́ ní Belgium kì í ṣe òpè nídìí bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ tí wọ́n wò ó ni kò dáa.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ wíwo agbábọ́ọ̀lù débi tó ga jù, ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà, sídìí bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fọwọ́ jù. Ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wide receiver. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó já ẹni tó ń ṣọ́ ọ jù sílẹ̀, kó sì hán bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù sí i. Yunifásítì ni wọ́n ti ń mú irú wọn. Láti 1987 ni wọ́n ti ń kó àwọn tó pegedé jọ sí ìlú Indianapolis lọ́dọọdún kí àwọn ẹgbẹ́ ńlá lè yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n á gbé wọn sórí ìwọ̀n, wọ́n á wọn gígùn apá, wọ́n á wọn àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n á ní kí wọ́n sá eré 40 yáàdì, ìyẹn bíi mítà 37, aago ò sì ní gbójú fo ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ náà á máa sá gba àárín pápá kọjá, wọ́n á máa ju bọ́ọ̀lù sí i lọ́tùn-ún, lósì, á hán an, á sọ ọ́ nù, á yíjú sí èyí tó kàn, kò sì gbọdọ̀ dẹ eré.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, wọ́n ṣì ń ṣì í mú. John Ross sá eré yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá 4.22 lọ́dún 2017, ẹnikẹ́ni ò sá a tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan ọmọ tuntun ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, Cincinnati Bengals sáré mú un sí ipò kẹsàn-án. Ìfarapa kò jẹ́ kó gbérí, eré náà nìkan kò sì tó. Ọdún 2019, Olamide Zaccheaus ń jáde ní Yunifásítì Virginia, kò sí ẹni tó hán bọ́ọ̀lù tó o rí nínú ìtàn ilé ẹ̀kọ́ náà. Àmọ́ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì mẹ́jọ péré ló ga. Ìpele méje ni wọ́n fi yan èèyàn lọ́dún náà, wọn ò dárúkọ rẹ̀ títí wọ́n fi ṣíwọ́. Atlanta Falcons ló gbà á wọlé lẹ́yìn náà. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó hán nínú ìdíje, ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, yáàdì 93 ló gbé e sá títí tó fi gba àmì ayò.

Èyí tó wù mí jù ni ti Nelson Agholor. Èkó níbí ni wọ́n bí i sí ní 1993, ó sì kéré nígbà tí wọ́n kó lọ sí Florida. Philadelphia Eagles mú un sí ipò ogún lọ́dún 2015. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà sì bú u dọ́ba. Nígbà tó di àṣekágbá ńlá oṣù Kejì 2018, ó hán bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ife. Ẹni tó bá dá a lẹ́jọ́ ní 2016 ti yára jù.

Àwọn ará Amẹ́ríkà yìí ti ń wá ènìyàn dé ilẹ̀ Áfíríkà wa pàápàá. Osi Umenyiora, ọmọ Nàìjíríà tó gba ife ńlá yẹn lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú New York Giants, ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ ní Ghana lọ́dún 2022. Àwọn tó ṣígbọnlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń mú, èyí tí wọ́n lè tò sí iwájú ogun, nítorí ìdúró èèyàn ṣeé rí lọ́jọ́ kan. Ọwọ́ tó ń hán bọ́ọ̀lù kò ṣeé rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ń ra tòmátì ní Mile 12 kì í wo ojú apẹ̀rẹ̀ nìkan. Á tú u débi tó bá le tú u dé. Síkáòtù tó mọṣẹ́ náà kì í tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù. Ọmọ tí bọ́ọ̀lù ò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Ṣé ó ń yíjú wẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Bí wọ́n bá gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ṣé ó ń sá tẹ̀ lé e ni àbí ó ń káwọ́ lérí? Bí ẹlòmíì bá ba eré jẹ́, kí ló sọ sí i? Ó tún máa ń padà wá, láì kéde.

Ibi tí Amẹ́ríkà ti fi wá sílẹ̀ jìnnà ni pé gbogbo eré tí ọmọ yunifásítì wọn gbá ló wà nínú fídíò. Bí wọ́n bá ṣì í wò lónìí, wọ́n lè padà sí i lọ́la. Ọmọ tó ń gbá mọ́ńkì póòsì ní Kétu kò ní àkọsílẹ̀ kankan, ìdí nìyí tí ọ̀sán ọjọ́ kan péré fi ń pinnu ayé rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an ń di àríyànjiyàn, tó bẹ́ẹ̀ tí FIFA fi ń yàwòrán egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ tó ń lọ ìdíje àwọn tí kò tíì ju ọmọ ọdún 17 lọ láti 2009.

Inú àìsí àkọsílẹ̀ yìí ni àwọn oníjìbìtì ń gbà wọlé. Ẹgbẹ́ tó rán síkáòtù níṣẹ́ ló ń sanwó fún un, kì í ṣe ìyá ọmọ. Ajẹ́ǹtì yàtọ̀ sí síkáòtù: òun ló ń bá agbábọ́ọ̀lù dúnàádúrà, láti 2023 sì ni FIFA ti dá ìdánwò àti ìwé àṣẹ padà fún wọn, orúkọ àwọn tó gbà á sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. FIFA kò fẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kúrò ní orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn nítorí bọ́ọ̀lù, àyàfi ní ìwọ̀nba ipò díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gba owó físà lọ́wọ́ yín fún ọmọ ọdún 15, ẹ lé e.

Ẹ̀yin kóòṣì wa, ẹ ra ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ tí wọ́n bí i, eré tó gbá àti ohun tó ṣe níbẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù ká díẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ta ọmọ náà sí ilẹ̀ òkèèrè lọ́jọ́ iwájú, FIFA ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23, àmọ́ ẹgbẹ́ tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ló lè gbà á.