Yíyọ Ẹ̀rọ Kúrò Lára Kọ̀ǹpútà, àti Iṣẹ́ Tí Ó Já Lé Kernel Lórí

Ìlú Ore, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, jẹ́ oríta tí gbogbo arìnrìn-àjò mọ̀. Ọ̀nà Èkó sí Bìní gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀kan yà sí Oǹdó, òmíràn sì yà sí Òkìtìpupa. Bí ọkọ̀ Bìní kan bá bàjẹ́ ní gáréèjì Ore nígbà tí àwọn èrò rẹ̀ ṣì wà ní ìsọ̀ olóúnjẹ, tí a sì wọ́ ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kí ni ó yẹ kí akọ̀wé gáréèjì ṣe? Bí ó bá ya ojú-ìwé ọkọ̀ náà sọnù lójú ẹsẹ̀, tí ó sì fi nọ́ńbà rẹ̀ àti àyè ìdúró rẹ̀ fún ọkọ̀ Òkìtìpupa, èrò tí ó bá jẹun tán yóò wo nọ́ńbà ara tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, yóò wọ ọkọ̀ tí ó bá ní àyè náà, yóò sì bá ara rẹ̀ ní ibi tí kò fi ojú sí. Ọkọ̀ ti lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì kò tíì lọ.

Ọ̀ràn yìí gan-an ni ó ń dojú kọ àwọn tí ń ṣe kernel, èyíinì ni ètò tí ó wà ní ìpìlẹ̀ gbogbo ètò inú kọ̀ǹpútà, tí ń pín àyè ìrántí fún àwọn yòókù, tí ó sì ń dúró láàrin wọn àti àwọn ẹ̀rọ tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà. Linux, tí Linus Torvalds gbé jáde ní Helsinki ní 1991, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Fún irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni kernel ní ìpín kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní awakọ̀; orúkọ náà bá gáréèjì mu. Nígbà tí a bá fi fláàṣì bọ ojú ihò rẹ̀, awakọ̀ yóò ṣí ojú-ìwé kan fún un nínú ìrántí, ètò tí ó bá sì fẹ́ lò ó yóò gba ohun tí ó dà bí tíkẹ́ẹ̀tì, tí ń tọ́ka sí ojú-ìwé náà. Tẹ́lẹ̀ rí, a kì í sábà tú ẹ̀rọ kúrò lára kọ̀ǹpútà àfi bí a bá ti pa á. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí USB ti jáde ní 1996, ẹnikẹ́ni lè fà á yọ nígbàkígbà, kò sì sí awakọ̀ tí ó lè bẹ onítọ̀hún pé kí ó ní sùúrù.

Akọ̀wé tí ó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn: kò ní í ta tíkẹ́ẹ̀tì tuntun fún ọkọ̀ tí kò sí mọ́. Ẹni tí ó bá mú tíkẹ́ẹ̀tì ti tẹ́lẹ̀ wá, yóò sọ fún un pé ọkọ̀ ti lọ. Ẹni tí ó sùn lọ níbi tí ó ti ń dúró de ọkọ̀, yóò jí i kí ó lè mọ̀. Ìgbà tí tíkẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn bá padà sí ọwọ́ rẹ̀ ni yóò tó ya ojú-ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Linux ń ṣe: iye kan wà lára ojú-ìwé náà tí ń fi oókan pọ̀ sí i bí ètò kan bá dì í mú, tí ń fi oókan dín bí ó bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ìgbà tí ó bá di òdo ni kernel ń gba àyè náà padà.

Awakọ̀ tí ó bá kánjú ń fa ewu. Àyè tí ó jọ̀wọ́ yóò bọ́ sí ọwọ́ ètò mìíràn, ẹni tí ó di tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ mú yóò sì máa kọ nǹkan sínú ìwé oníwé. Bí kọ̀ǹpútà bá dákú lójú ẹsẹ̀, ó tún sàn. Ohun tí ó burú jù ni pé kí ọ̀daràn mọ àṣìṣe náà, kí ó ṣètò ohun tí yóò wà ní àyè yẹn, kí ó sì ti ibẹ̀ gba àṣẹ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà.

Kíka iye tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kò sì tó, nítorí ojú-ìwé lè wà síbẹ̀ kí ẹ̀rọ má sí. Bí awakọ̀ bá ka ohun kan láti ara ẹ̀rọ PCI tí a ti fà yọ, ìdáhùn tí ó sábà máa ń rí gbà ni kìkì oókan, láìsí òdo kankan láàrin wọn. Awakọ̀ tí kò bá fura lè rò pé ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí ó sì dúró tì í títí, bí ẹni tí ń kí ilé òfìfo tí ohùn ara rẹ̀ sì ń dá a lóhùn.

Ìrànlọ́wọ́ pàápàá a máa mú ìṣòro tirẹ̀ wá. Ní 2007, Linux gba iṣẹ́ Tejun Heo wọlé, èyí tí ń palẹ̀ ohun tí awakọ̀ gbà mọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí awakọ̀ àti ẹ̀rọ bá pínyà. Ó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n ìpínyà yìí lè ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn tó padà, awakọ̀ tí ó bá sì fi ojú-ìwé àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì sí abẹ́ ètò náà ti ṣe bí akọ̀wé oníkánjú. Ní ìpàdé àwọn oníṣẹ́ Linux ní Dublin ní 2022, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Ìṣọ́ra kernel yìí kò wí pé ohun tí a kọ sórí fláàṣì kò lè sọnù. Linux a máa fi ohun tí a kọ pamọ́ sínú ìrántí ná, ó lè tó ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ó tó gbé e lọ sórí fláàṣì. Olùkọ́ ní Odigbo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ máàkì ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tán, tí ó sì fà á yọ kí ó lè bá ọkọ̀ Ore lọ, lè dé ilé kí ó bá fáìlì òfìfo. Kernel kò dákú, akọ̀wé kò ya ìwé ṣáájú àkókò, síbẹ̀ máàkì ti lọ. Nítorí náà ni a ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kí ó kọ́kọ́ jọ̀wọ́ fláàṣì kí a tó fà á. Láti 2018, Windows 10 kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ kí ó tó kọ ọ́ sórí fláàṣì, àfi bí ènìyàn bá yí ètò rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fà á yọ nígbà tí iná ara rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú kò rí ààbò kankan nínú ìyẹn.