Onígbá-Méjì àti Àwa Ará Etí Ààlà

Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò bí ó bá ń sọ àrùn lórúkọ. Èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní kọ́lẹ́rà, onígbá-méjì ni àwa ń pè é, nítorí pé igbá méjì ni a ní láti gbé sí ẹ̀bá aláìsàn: ọ̀kan fún èébì, èkejì fún ìgbẹ́ gbuuru. Ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ti jókòó ti aláìsàn rí. Ènìyàn tí ó bá ara líle lọ sí ọjà ní òwúrọ̀ lè di ẹni tí ojú rẹ̀ jìn wọnú kí oòrùn tó wọ̀, tí ohùn rẹ̀ há, tí awọ ọwọ́ rẹ̀ sì hunjọ bí ti alágbàfọ̀ tí ó ti wà nídìí omi láti àárọ̀. Bí a kò bá tètè ràn án lọ́wọ́, ilẹ̀ lè má mọ́ bá a.

Ilẹ̀ Íńdíà, ní ẹnu odò Ganges, ni ilé àrùn yìí. Ní ọdún 1817 ni ó kúrò nílé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rin ayé ká pẹ̀lú ọmọ ogun, ọkọ̀ ojú omi àti àwọn tí ń lọ sí ilẹ̀ mímọ́. Ó dé Rọ́ṣíà, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sọdá òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1869 ó wọ Bathurst ní Gáḿbíà, ó sì pa ènìyàn rẹpẹtẹ níbẹ̀.

Bí ó ti ń pani tó, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó fi ṣìnà lórí rẹ̀. Òórùn burúkú inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ní ó ń fà á. Ní 1854 ni dókítà kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, John Snow ni orúkọ rẹ̀, wá mú ọ̀rọ̀ náà bí oníṣòwò ti ń mú ìwé gbèsè: ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń bèèrè iye òkú àti ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Ní àdúgbò Broad Street, ó lé ní 600 ènìyàn tí ó kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń lò. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí tí ó wà ní òpópónà yìí kan náà kò kú, nítorí pé ọtí tí ọ̀gá wọn ń bù fún wọn ni wọ́n ń mu. (Kí àwọn ọ̀mùtí má ṣe tìtorí èyí yọ̀ jù: ilé iṣẹ́ náà ní kànga tirẹ̀.) Opó kan sì wà ní Hampstead, níbi tí àrùn kò dé rárá, tí omi Broad Street dùn mọ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé e wá fún un. Ó mu ún, ó sì kú. Snow kó gbogbo èyí lọ síwájú ìgbìmọ̀ àdúgbò. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n hú ilẹ̀, wọ́n sì rí i pé kòtò ìgbẹ́ ilé kan, níbi tí ọmọ ọwọ́ kan ti ṣàìsàn ṣáájú àwọn yòókù, ni ó ń jò sínú kànga náà. Ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ ni ó wà láàárín wọn.

Ní 1854 yìí kan náà ni Filippo Pacini ti ilẹ̀ Ítálì rí kòkòrò àrùn náà, ṣùgbọ́n wọn kò kà á sí títí Robert Koch ti Jámánì fi rí i ní tirẹ̀ ní Calcutta ní 1884.

Nísinsìnyí ó ku tiwa. Ní 1961 ni onígbá-méjì tún gbéra láti Indonéṣíà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1970 ó gúnlẹ̀ sí Gínì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ etíkun bọ̀ láti ọwọ́ àwọn apẹja àti àwọn èrò ọkọ̀, ó gba Gánà, Tógò àti Dàhòmì kọjá, títí ó fi dé Èkó ní oṣù Kejìlá. Ẹ wo ọ̀nà náà, ẹ̀yin ará Yewa: láti Àjàṣẹ́ sí Ìdí-Ìrókò, láti Ìdí-Ìrókò sí Èkó, ojú ọ̀nà tí ẹ̀yin fúnra yín ń ná ni. Ní 1971, ènìyàn 22,931 ni a kà pé ó mú ní Nàìjíríà, 2,945 sì kú nínú wọn. Ó padà wá ní 1991, ó sì pa 7,654. Ní 2010 àti 2021 ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ti 2021 yìí ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti àbọ̀ òkú lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì kan Ìpínlẹ̀ Ògùn wa.

Nígbà tí ó wọlé ní 1970, kíá ni àwọn ìjọba ń ti ẹnu ibodè, tí wọ́n sì ń bèèrè ìwé abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ arìnrìn-àjò. Kò dí ọ̀nà fún un. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ ni kò ní inú rírun kankan. A ń rìn, a ń tà, a ń rà, a sì ń gbìn ín káàkiri. Ní 1973 ni àpéjọ ìlera àgbáyé fagi lé ìwé abẹ́rẹ́ náà. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 ya Ìmẹ̀kọ nípa sí Kétu tí ó jẹ́ orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n omi kò mọ ẹni tí ó fà á. Nítorí náà, nígbàkígbà tí a bá gbọ́ tí ẹnìkan ń kígbe ní ọjà pé àwọn Ègùn ni ó kó àrùn wá, tàbí pé ará òdì kejì ni kí a lé, a mọ̀ pé ẹni náà kò tíì yẹ ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ wò.

Ẹ̀yìnkùlé náà ni ọ̀rọ̀ wà. Ní Ìlaròó, ní Ayétòrò, àti ní àwọn abà tí ó yí wọn ká, mélòó ni kànga tí ó ní ìdérí? Mélòó ni ṣáláńgá tí ó jìnnà sí kànga tó ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, tí kò sì sí ní apá òkè rẹ̀? Bí òjò bá rọ̀, ohun tí ó wà nínú igbó a ṣàn wọ odò. Ẹni tí ń bẹ ní ìsàlẹ̀ Yewa, títí dé ọ̀nà Àgbádárìgì, a sì mu nínú ohun tí ará òkè ṣe. Ìnira mìíràn ni ti ìsìnkú, àwa sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ó wúwo ni èyí. Ọwọ́ tí ó wẹ òkú onígbá-méjì kò gbọdọ̀ jẹ́ ọwọ́ tí yóò se oúnjẹ fún àwọn àlejò. Kí a bu ọlá fún òkú, kò sí ẹni tí ó ní kí a má ṣe é. Ṣùgbọ́n àsè tí ó bí òkú márùn-ún mìíràn, ọlá ta ni?

Ohun kan kù tí ó yẹ kí gbogbo ìyá ọlọ́mọ mọ̀. Kòkòrò náà kì í jẹ ẹran ara. Omi ara ni ó ń fà jáde nípasẹ̀ ìfun, omi àti iyọ̀ tí ó lọ ni ó sì ń pani. Àwọn àgbà kan ti máa ń fi omi du aláìsàn, wọ́n ní yóò mú kí ìgbẹ́ pọ̀ sí i. Èyí ti pa ọmọ púpọ̀. Ní 1971, nígbà tí ogun lé àwọn ará Bangladesh wọ Íńdíà, tí omi abẹ́rẹ́ sì tán ní àgọ́ Bongaon, dókítà Dilip Mahalanabis ní kí a po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi fún wọn láti mu. Nínú 100 aláìsàn, tí nǹkan bí 30 ti ń kú tẹ́lẹ̀, àwọn tí ó kú kò tó 4 mọ́.

Bí a ti ń ṣe é nìyí: omi tí a sè tí ó ti tutù, lítà 1, ṣúgà, ṣíbí tíì 6 tí a gé orí rẹ̀ tẹ́jú, iyọ̀, ìdajì ṣíbí tíì, kí ó má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àpọ̀jù iyọ̀ léwu. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa fún un. Bí ó bá bì í, kí a dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí a tún bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ ọwọ́ máa mu ọmú lọ. Bí aláìsàn kò bá lè gbé e mì mọ́, tàbí tí kò tọ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ni ó kàn, níbi tí wọn yóò ti fa omi sí i lára. Bí ó bá sì ṣe pé ó ṣì lè gbé e mì, kí a má ṣe dá omi iyọ̀ náà dúró lójú ọ̀nà.