Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Amúlétutù ní Niamey, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ilé Yín

Láti oṣù kẹta ni ooru ti máa ń mú ní Niamey. Tó bá fi máa di oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, ooru ọ̀sán a máa kọjá ìwọ̀n 40 Celsius, òru pàápàá kì í tutù. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń sáré lọ ra ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ibẹ̀, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkánjú rà á. Owó tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ kọ́ ni gbogbo owó tí ẹ máa ná.

Ilé ló ṣáájú

Amúlétutù ni orúkọ rẹ̀: ilé ló fẹ́ mú tutù. Bí ilé bá ń gba ooru wọlé láti òwúrọ̀ dalẹ́, iná lásán ni ẹ̀rọ á máa jẹ. Yàrá tí páánù bò tí kò ní àjà, ààrò ni lọ́sàn-án. Ẹ kan àjà sí i, ẹ ta kọ́tìnì tó nípọn sí fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, kí ẹ sì dí àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn.

Bó bá jẹ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n ń pè ní banco lẹ ń gbé, ògiri rẹ̀ tó nípọn ń ràn yín lọ́wọ́, torí kì í tètè gba ooru. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé apá ẹ̀rọ tó ń wà níta kọ́ sára rẹ̀. Orí búlọ́ọ̀kù nílẹ̀ ni kó jókòó sí, níbi tí òjìji wà. Omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ náà, ẹ fi páìpù gbé e jìnnà, kó má baà jẹ ìdí ògiri.

Èwo ló tó?

Yàrá tó fẹ̀ ní mítà 3 sí 4 sábà máa ń fẹ́ ẹ̀rọ 9,000 BTU, tí wọ́n ń pè ní agbára ẹṣin kan. Bí oòrùn bá ń pa yàrá náà jù, 12,000 BTU ló yẹ ẹ. Èyí tó kéré jù kò ní sinmi. Èyí tó tóbi jù á máa kú, á máa tàn, á sì tètè gbó. Tí agbára yín bá ká a, èyí tó jẹ́ inverter ni kí ẹ rà. Kì í fa iná lójijì, owó iná rẹ̀ sì máa ń kéré sí ti àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ iná

Kò sẹ́ni tó wà ní Niamey lọ́dún 2023 tó gbàgbé. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba lọ́jọ́ 26 oṣù keje, Nàìjíríà dá iná tó ń tà fún Niger dúró, bẹ́ẹ̀ láti Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ jù lọ iná wọn ti ń wá. Fáànù dúró, ẹran bàjẹ́ nínú fíríìjì. Nítorí náà, ẹ má ṣe ta fáànù yín torí pé ẹ ra amúlétutù.

Ẹ ṣe ìṣirò náà kí ẹ tó sanwó: ẹ̀rọ tó ń jẹ kílówáàtì 1, bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8, yúnìtì 8 ló jẹ. Ẹ fi iye tí NIGELEC ń ta yúnìtì kan sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá ṣe é ní ọgbọ̀n ọjọ́.

Bí owó náà bá wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ̀rọ olómi wà, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú ohun tó tutù. Bí àmù ṣe ń mú omi tutù ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Iná díẹ̀ ló ń jẹ, ó sì dára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àmọ́ tí òjò bá dé ní oṣù keje àti ìkẹjọ, kò ní fi bẹ́ẹ̀ wúlò.

Ọjọ́ tí wọ́n bá wá fi í síbẹ̀

Ẹ dúró tì wọ́n. Wáyà tirẹ̀ àti bírékà tirẹ̀ ni kí wọ́n fún un, kó má bá ẹ̀rọ mìíràn pín sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wáyà tó gbóná jù lè dá iná sílé. Kí wọ́n tó ṣí gáàsì, ẹ̀rọ ni kí wọ́n fi fa gbogbo atẹ́gùn inú páìpù jáde. Ó lè gba ìṣẹ́jú 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fò ó. Ẹ má gbà fún wọn. Atẹ́gùn àti ọ̀rinrin tó bá kù síbẹ̀ ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́ kí ọdún tó yípo.

Àwọn ẹ̀rọ kan tún máa ń mú ilé móoru. Alẹ́ ọyẹ́ ní Niamey lè tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n bùláńkẹ́ẹ̀tì tó fún un. Ẹ má sanwó kún owó torí ìyẹn.

Ọyẹ́ kan náà ló ń kó eruku wá. Ní àkókò náà, ẹ máa yọ asẹ́ inú ẹ̀rọ fọ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ sí 25 tàbí 26 dípò 18. Àwọn àgbàlagbà àti ọmọ ọwọ́ á sùn dáadáa, owó oúnjẹ kò sì ní di owó iná.